Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Kọmíṣọ́nnà Ètò Ìlera: Ẹ Fún Ìkókó Ní Abẹ́rẹ́ Fítámì K, Ẹ Jẹ́ Ká Rí Ibi Yẹ Ẹ̀jẹ̀ Wa Wò

Sí ẹ̀yin Kọmíṣọ́nnà fún ètò ìlera ní ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì, àti ẹ̀yin ọ̀gá àgbà ní gbogbo ilé ìwòsàn ìjọba ilẹ̀ Yorùbá.

   Mo mọ̀ pé owó kò tó. Mo mọ̀ pé dókítà àti nọ́ọ̀sì ń gba òkè òkun lọ, pé ẹni tó kù ń ṣe iṣẹ́ èèyàn mẹ́ta. Gbogbo ẹni tó bá kọ̀wé sí yín ló ń tọrọ nǹkan, èmi náà kò sì yàtọ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí ọmọ tuntun gan-an ni mo ní láti bá yín sọ, nítorí inú orí ìkókó ni ẹ̀jẹ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń dà sí, tí ìyá àti bàbá kò ní tètè mọ̀.

Iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìntì. Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí ni pé láìpẹ́ yìí, láàbù aládàáni kan gbé tábìlì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà àdúgbò wa, wọ́n na agboòrùn, wọ́n sì ń pariwo pé àwọn ń ṣe àyẹ̀wò fítámì K fún eegun àwọn àgbàlagbà. Àwọn ìyá tò lọ títí. Wọ́n tú owó nídìí ìró, wọ́n na apá. Ilé ìwòsàn ìjọba tó wà nítòsí ibẹ̀ kò lè ṣe àyẹ̀wò tó ń sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ èèyàn á dá bí abẹ bá kàn án. Ẹni tó bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ní láti wọkọ̀ lọ sí ìlú mìíràn kó tó mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dé. Ilé ìwòsàn yẹn kan náà ni ọmọ àbúrò mi bímọ sí lóru. Wọ́n ní kò sí abẹ́rẹ́ fítámì K nílẹ̀, kí ọkọ rẹ̀ sáré lọ wò ó ní ilé oògùn ìta. Gbogbo ilé oògùn ti tì. Ọmọ náà kò ní ohunkóhun, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọpẹ́ wa yẹn kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba.

Ohun tí kò wúlò ń wá bá wa lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì ń gbowó lé e. Èyí tó ń gba ẹ̀mí là, tí kò sì wọ́n, a kò rí i níbi tó yẹ kó wà. Ẹjọ́ tí mo fẹ́ ro fún yín nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ là á yé àwọn ará ilé tó ń bá yín ka lẹ́tà yìí, nítorí àwọn dókítà inú yín mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ní 1929, ọmọ ilẹ̀ Denmark kan tó ń jẹ́ Henrik Dam, ní ìlú Copenhagen, ń fi oúnjẹ tí kò ní ọ̀rá bọ́ òròmọdìẹ. Ó rí i pé ẹ̀jẹ̀ ń dà sábẹ́ awọ wọn, kò sì dá. Ó wá ìdí rẹ̀ títí di 1935, ó sì rí i pé èròjà kan ló ṣaláìsí nínú oúnjẹ wọn. Èròjà náà ló pè ní fítámì K. Òun àti Edward Doisy, ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti 1943 nítorí iṣẹ́ yìí.

Inú ẹ̀dọ̀ ni fítámì K ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀dọ̀ wa ń ṣe oríṣiríṣi èròjà tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì. Mẹ́rin nínú wọn, tí àwọn oníṣègùn fi nọ́ńbà 2, 7, 9 àti 10 pè, kò lè ṣiṣẹ́ láìsí fítámì K, nítorí òun ló ń fún wọn ní ohun tí wọ́n fi ń di kálísíọ̀mù mú. Bí fítámì náà kò bá sí, ẹ̀dọ̀ á ṣì máa ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n á dà bíi korobá tí kò lókùn létí kànga: ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, kò sì lè fa omi. Nọ́ńbà 7 ló máa ń kọ́kọ́ tán, nítorí pé láàárín wákàtí bíi mẹ́fà ni ìdajì rẹ̀ ti ń lọ nínú ẹ̀jẹ̀. Nínú eegun pẹ̀lú, èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní osteocalcin, tó jẹ́ pé fítámì K kan náà ló ń jẹ́ kó lè di kálísíọ̀mù mú. Ibi tí ọ̀rọ̀ eegun ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Mo ń bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Àgbàlagbà tó bá ń jẹ ẹ̀fọ́ kì í sábà ṣaláìní in. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, ugwu, gbogbo ewé tútù tó dúdú minimini ló ní in, epo tí a fi sè é ló sì ń jẹ́ kí ìfun gbà á. Ohun tí obìnrin nílò lóòjọ́ kò ju máíkírógíráàmù 90 lọ, ti ọkùnrin jẹ́ 120. Abọ́ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ kan ṣoṣo kọjá ìyẹn. Ọmọ tuntun ni tirẹ̀ yàtọ̀. Fítámì K tó ń ti ara ìyá kọjá sára ọmọ inú kò tó nǹkan. Ọmú ìyá, tí kò sí oúnjẹ tó dára tó o fún ìkókó, kò ní ju máíkírógíráàmù kan sí mẹ́rin lọ nínú lítà kan. Kòkòrò rere inú ìfun tó ń ṣe díẹ̀ fún àgbà kò tíì sí nínú ìfun ọmọ. Nítorí náà, kò sí bí ìyá ṣe lè jẹun dáadáa tó, ọmọ rẹ̀ á wá sáyé pẹ̀lú fítámì K tó kéré jọjọ. Kí ẹnikẹ́ni má fi èyí dá ìyá kankan lẹ́bi.

Ní báyìí, ẹ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi.

1. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ìkókó.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ kedere: gbogbo ọmọ tuntun ni kí wọ́n fún ní mìlígíráàmù kan fítámì K, kí wọ́n gún un sí itan, lẹ́yìn wákàtí àkọ́kọ́ tí ọmọ bá ti lò láyà ìyá rẹ̀. Wọ́n ti ń dá a lámọ̀ràn fún gbogbo ọmọ ní Amẹ́ríkà láti 1961. Abẹ́rẹ́ kékeré ni. Kò nílò fíríjì, kí wọ́n ṣá ti gbé e pamọ́ kúrò nínú oòrùn àti ìmọ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, ó tán.

Bí ọmọ kò bá gbà á, ẹ̀jẹ̀ lè ya lára rẹ̀ nígbà mẹ́ta. Ó lè jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i gan-an, pàápàá bí ìyá rẹ̀ bá ń lo oògùn wárápá tàbí ti ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ó lè jẹ́ láàárín ọjọ́ kejì sí ọjọ́ keje: ẹ̀jẹ̀ á máa ti ìwọ́ wá, tàbí kí ìgbẹ́ ọmọ dúdú, tàbí kí ojú abẹ́rẹ́ má dá. Èyí tó burú jù ni èyí tó máa ń wá láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkejìlá, tó sì lè wá títí di oṣù mẹ́fà. Ọmọ tó ń mu ọmú nìkan, tó sanra, tó ń rẹ́rìn-ín, ló máa ń mú jù, inú ọpọlọ sì ni ẹ̀jẹ̀ náà sábà máa ń dà sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síbí pẹ̀lú mi díẹ̀, ẹ̀yin aláṣẹ. Ẹ wo ohun tí àwa Yorùbá ń ṣe fún ọmọ láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ọjọ́ kẹjọ la ń sọ ọmọ lórúkọ. Láàárín àsìkò yẹn náà ni ọ̀pọ̀ ń kọlà fún ọmọkùnrin, tí wọ́n sì ń lu etí fún obìnrin. Bí olóólà bá gé ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò lè dì, ewé tó máa lẹ̀ mọ́ ọn kò lè dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró, nítorí ohun tí kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ kò sí nínú ewé tí a lẹ̀ mọ́ awọ. Ìdílé á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀tá. Wọ́n á ní ìyáalé ni, tàbí ẹ̀gbọ́n ọkọ. Mo ti rí ilé tó tú ká nítorí ikú irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Èyí tó ń dà sínú ọpọlọ ńkọ́? Bó ṣe máa ń hàn ni pé ọmọ kò ní fẹ́ mu ọmú mọ́, á máa sunkún pẹ̀lú ohùn tó há, awọ rẹ̀ á funfun, àwùjẹ̀ rẹ̀ á wú, gìrì á sì gbé e. Gìrì! Ẹ̀yin náà mọ ibi tí ìyá ń sáré lọ bí gìrì bá gbé ọmọ: ìdí àgbo ni. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ó ti pẹ́ jù. Èyí tí kò bá kú lè máà rìn, ó lè máà gbọ́ràn, ó lè máà ríran. Mélòó nínú àwọn ọmọ tí a sin pẹ̀lú orúkọ gìrì ni ẹ̀jẹ̀ pa? Kò sí ẹni tó kà wọ́n, nítorí a kò yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò.

Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé abẹ́rẹ́ yìí ń fa jẹjẹrẹ. Ìwádìí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ló dá ìfura yẹn sílẹ̀, lóòótọ́. Àwọn ìwádìí tó tóbi jù ú lọ tẹ̀lé e ní onírúurú orílẹ̀-èdè, wọn kò sì rí i bẹ́ẹ̀. Àwọn òbí kan ní Tennessee, ní Amẹ́ríkà, ṣì kọ abẹ́rẹ́ náà ní 2013. Láàárín oṣù díẹ̀, ìkókó mẹ́rin ni wọ́n gbé dé ilé ìwòsàn ní Nashville pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tí kò dá, mẹ́ta nínú wọn sì ni ẹ̀jẹ̀ dà sí ní orí. Ní tiwọn, abẹ́rẹ́ wà nílẹ̀, wọ́n kọ̀ ọ́. Àwọn ìyá tiwa ò kọ̀ ọ́. Wọ́n na itan ọmọ sílẹ̀, wọn ò rí abẹ́rẹ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí. Ẹ má jẹ́ kí abẹ́rẹ́ fítámì K jẹ́ ohun tí bàbá ọmọ ń lọ rà níta. Ẹ kó o pọ̀ mọ́ ohun èlò ìgbẹ̀bí, kó wà nínú àpótí kan náà pẹ̀lú ibọ̀wọ́, abẹ fún ìwọ́ àti oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ ìyá dúró. Ẹ jẹ́ kí àyè rẹ̀ wà nínú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ, kí nọ́ọ̀sì máa kọ ọjọ́ àti wákàtí tó gún un, kí ẹni tó bá fẹ́ kọlà lè kọ́kọ́ bèèrè káàdì. Ẹ pe àwọn olóólà jókòó. Àgbà iṣẹ́ ni wọ́n, wọ́n á gbọ́ bí a bá bá wọn sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Bákan náà ni ilé àgbẹ̀bí ìjọ àti ti àwọn ìyá abíyè. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ti 2018 sọ pé nínú ìbí 100 ní Nàìjíríà, 39 péré ló wáyé nílé ìwòsàn. Ilẹ̀ Yorùbá dára ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ iye aboyún tó ń lọ sí ilé ìjọ. Ẹ má lé wọn, ẹ má tì wọ́n pa. Ẹ ṣètò kí ọmọ tó bá wáyé níbẹ̀ dé ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ ọn lọ́jọ́ kan náà, fún abẹ́rẹ́ yìí àti àjẹsára àkọ́kọ́. Ìpínlẹ̀ Oǹdó fi ètò ìtọ́jú aboyún tí wọ́n pè ní Abíyè hàn wá láti nǹkan bí 2009 pé bí ìjọba bá fẹ́ tẹ̀lé aboyún délé, ó ṣeé ṣe. Níbi tí ìyá bá ti kọ abẹ́rẹ́ pátápátá, èyí tí a ń kán sẹ́nu wà, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ tún un kán nígbà púpọ̀, ẹ sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ kò ní padà wá. Abẹ́rẹ́ ló dájú.

2. Ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò PT àti INR.

Àyẹ̀wò kan wà tó ń sọ iye ìṣẹ́jú àáyá tí omi ẹ̀jẹ̀ fi ń dì. Armand Quick ló gbé e kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1935, PT ni wọ́n ń pè é. Nítorí pé èsì láàbù kan kì í bá ti èkejì mu, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìṣírò INR jáde ní 1983, kí nọ́ńbà Ìbàdàn lè jẹ́ nọ́ńbà Èkó. Ara tó dá ní INR bí 1.

Ta ló nílò rẹ̀? Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn tó ń lo warfarin. Ìtàn oògùn yìí yẹ ní gbígbọ́. Láàárín ọdún 1920 sí 1930, màlúù àwọn àgbẹ̀ ní Kánádà àti àríwá Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀ kú nítorí koríko bíbu tí wọ́n jẹ. Ní 1933 àgbẹ̀ kan gbé ẹ̀jẹ̀ màlúù tí kò dì wá sọ́dọ̀ Karl Paul Link ní yunifásítì Wisconsin. Inú iṣẹ́ tí Link àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe ni warfarin ti jáde. Eku ni wọ́n kọ́kọ́ fi pa ní 1948, kó tó di 1954 tí wọ́n gbà á láàyè fún èèyàn. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé ó ń dí fítámì K lọ́wọ́. Oògùn rere ni fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí lẹ́sẹ̀ tàbí ẹni tí wọ́n pààrọ̀ fáàfù ọkàn fún. Bí fáàfù náà bá jẹ́ ti irin, àwọn oògùn ìgbàlódé tí kì í béèrè àyẹ̀wò kò tọ́ sí i. Warfarin ni yóò máa lò títí ayé.

INR ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn yìí gbọ́dọ̀ wà láàárín 2 sí 3, ti fáàfù mìíràn sì ga díẹ̀ sí i. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ á dì mọ́ fáàfù, á já lọ sí ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ dé. Bó bá gòkè kọjá 5, ẹ̀jẹ̀ lè ya láìjẹ́ pé ohunkóhun gbá a. Àìjẹun dáadáa, oògùn kòkòrò fún ibà ara, àgbo tí a kò mọ ohun inú rẹ̀, gbogbo wọn lè gbé nọ́ńbà náà kúrò láyè rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nítorí èyí ni àyẹ̀wò fi gbọ́dọ̀ máa wáyé lọ́ọ̀sẹ̀ lọ́ọ̀sẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kó tó di oṣooṣù. Ẹ sọ fún mi, ìyá tó ń gbé ní abúlé lẹ́yìn Ṣakí, báwo ni yóò ṣe máa lọ sí Ìbàdàn lọ́ọ̀sẹ̀ lọ́ọ̀sẹ̀? Kò ní lọ. Dókítà á máa kọ oògùn fún un láìmọ nọ́ńbà, tàbí kí òun fúnra rẹ̀ jáwọ́ nínú oògùn. Mo mọ ẹni tó jáwọ́. Ọmọ rẹ̀ ló ń fi ṣíbí bọ́ ọ báyìí.

Nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀ warfarin, ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, nítorí mo gbọ́ pé wọ́n ń sọ fún àwọn aláìsàn pé kí wọ́n má jẹ ẹ̀fọ́ mọ́ láé. Ìyà ni wọ́n ń fi jẹ Yorùbá bí wọ́n bá gba ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì pọn dandan. Ohun tó yẹ ni pé kí iye ẹ̀fọ́ tó ń jẹ lọ́sẹ̀ yìí jọ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kí dókítà sì fi oògùn bá a mu. Ẹni tó jẹ ewédú lójoojúmọ́ láti oṣù mẹ́ta, tó wá dédé jáwọ́, òun ni INR rẹ̀ máa fò.

Ẹnì kejì tó nílò PT ni ẹni tí ojú rẹ̀ pọ́n nítorí ohun kan dí ọ̀nà òróòro, nítorí láìsí òróòro ìfun kò lè gba fítámì K. Ẹni tó ti pẹ́ lórí ibùsùn tí kò jẹun, tó sì ń gba oògùn kòkòrò lójoojúmọ́, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kó tó di pé ẹ fi abẹ kàn wọ́n, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ọgbọ́n àwọn àgbà iṣẹ́ wa wà níbí, tí kò ná ju owó abẹ́rẹ́ lọ: bí PT bá pẹ́ jù, ẹ gún fítámì K fún aláìsàn, kí ẹ tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ kejì. Bí ó bá bọ̀ sípò, àìtó fítámì ni. Bí kò bá bọ̀ sípò, ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ló ti bàjẹ́, ẹ wá ìtọ́jú mìíràn. Ní ilẹ̀ tí àrùn ẹ̀dọ̀ ti pọ̀ tó báyìí, ẹ ò lè sọ pé ìmọ̀ yẹn kò níye lórí.

Ohun tó ń bà á jẹ́ nílé ìwòsàn wa kì í ṣe àìmọ̀ọ́ṣe. Ìgò onídèérí búlúù tí a fi ń gba ẹ̀jẹ̀ yìí ní oògùn olómi nínú. Ìpín ẹ̀jẹ̀ mẹ́sàn-án sí ìpín oògùn kan ni. Bí ẹni tó gba ẹ̀jẹ̀ kò bá kún un dé ojú àmì, irọ́ ni èsì máa pa. Èròjà tí a fi ń ṣe é fẹ́ fíríjì. Omi gbígbóná tí a fi ń ṣe é gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n 37 gẹ́lẹ́, iná ìjọba sì lè lọ nígbàkúgbà. Ẹ̀rọ kékeré wà tó tó ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ alágbèéká, tó ń lo bátìrì, tó sì ń fi ẹ̀jẹ̀ orí ìka sọ INR láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo ń bẹ̀ yín kí ọ̀kan wà ní ilé ìwòsàn gbogboogbò kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú pépà àyẹ̀wò tí kò ní tán láàárín oṣù. Ẹ má ra ẹ̀rọ láìra pépà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi aṣọ bò láti ọjọ́ tí gómìnà ti ṣí i, a ti rí i tó.

3. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ta àyẹ̀wò eegun.

Mi ò bẹ̀ yín kí ẹ lé aládàáni kankan kúrò lọ́jà. Láàbù aládàáni rere pọ̀, àwọn ló gbà wá nígbà ìyanṣẹ́lódì. Ṣùgbọ́n ẹ dáàbò bo àwọn ìyá wa. Àyẹ̀wò tó ń wọn fítámì K nínú ẹ̀jẹ̀, ohun tí èèyàn jẹ láìpẹ́ ló ń sọ. Ẹni tó jẹ ẹ̀fọ́ rírò lálẹ́ àná á ga, ẹni tó gbààwẹ̀ á lọ sílẹ̀, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ náà sì ń yí i padà. Kò sọ bí eegun ṣe rí. Àwọn àyẹ̀wò kan wà tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ, tó ń wo èròjà tí kò rí fítámì K gbà. Ọwọ́ olùwádìí ni wọ́n wúlò jù, kì í ṣe abẹ́ agboòrùn létí ọjà.

Lóòótọ́, ìwádìí kan láàárín àwọn nọ́ọ̀sì Amẹ́ríkà, tó jáde ní 1999, rí i pé àwọn tí fítámì K wọn nínú oúnjẹ kéré jù ni ìbàdí wọn ń kán jù. Lóòótọ́ ni wọ́n ń kọ irú fítámì K kan fún eegun ní Japan. Ṣùgbọ́n àwọn ìlànà ìtọ́jú eegun ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà kò fi ṣe oògùn, nítorí èsì àwọn ìwádìí lórí hóró rẹ̀ kò fẹnu kò. Nígbà tí nọ́ńbà inú pépà kò ní yí ohun tí dókítà máa ṣe padà, kí ni ìyá àgbà fi owó ata rẹ̀ rà?

Ewu tó wà níbẹ̀ ni mo ń bẹ̀rù jù. Lẹ́yìn àyẹ̀wò, wọ́n ń ta hóró fítámì K. Bí ọ̀kan nínú àwọn ìyá yẹn bá ń lo warfarin, hóró tó rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà á sọ oògùn ọkàn rẹ̀ di òfo. Ǹjẹ́ wọ́n béèrè? Mo dúró tì wọ́n fún ìgbà díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mi ò gbọ́ kí wọ́n bi ẹnikẹ́ni.

Bó bá jẹ́ eegun àwọn ìyá wa ló ń dùn yín, ẹ gbógun ti dexamethasone àti prednisolone tí wọ́n ń tà lọ́jà fún sísanra, nítorí wọ́n ń jẹ eegun run láti inú wá. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì bi àgbàlagbà bóyá ó ti ṣubú rí. Ẹ tún iná ojú pópó ṣe kí wọ́n lè máa rìn nírọ̀lẹ́. Ẹ bá àjọ tó ń mójú tó iṣẹ́ láàbù sọ̀rọ̀ kí ẹni tó bá fẹ́ ta àyẹ̀wò ní gbangba kọ́kọ́ sọ fún wọn ohun tí èsì rẹ̀ máa mú kí aláìsàn ṣe.

4. Ọ̀rọ̀ irú.

Èyí kéré, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ. Àwọn ará Japan ní oúnjẹ kan tó ń jẹ́ natto, ẹ̀wà sóyà tí wọ́n mú bà, tó ní fítámì K2 púpọ̀. Kòkòrò tó ń bà á, Bacillus subtilis, òun náà ló ń ba igbá tí àwọn ìyá wa ń sè di irú. Àwọn yunifásítì wa ní Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Abẹ́òkúta ní onímọ̀ oúnjẹ tó dáńgájíá. Ẹ fún wọn lówó kí wọ́n wọn fítámì K inú irú wooro àti irú pẹ̀tẹ̀, kí wọ́n sì sọ ọ́ síta. Ìmọ̀ yẹn á wúlò fún ẹni tó ń lo warfarin, á sì wúlò fún ẹni tó fẹ́ mọ ohun tí oúnjẹ ìyá rẹ̀ ń ṣe fún un.

Ẹ̀yin aláṣẹ, mo ti bẹ̀ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láàyè kí n sọ èyí tó kù láìdọ́gbọ́n sí i.

Kò sí èyí tí mo béèrè nínú lẹ́tà yìí tí owó ọkọ̀ olówó ńlá kan ṣoṣo nínú àwọn tó ń tẹ̀lé ọ́fíìsì yín kò ní bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá sọ pé kò sí owó fún abẹ́rẹ́ ìkókó, kò sí ẹni tó máa gbà yín gbọ́. Àwa tí a ti fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ yìí pọ̀, a sì ní àkókò. A ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wa sọ̀rọ̀. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá láìsí èsì, a ó máa wọ ilé ìwòsàn ìjọba kọ̀ọ̀kan lọ́sàn-án gangan, a ó bèèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kí wọ́n fi àpótí abẹ́rẹ́ fítámì K hàn wá, a ó bèèrè ẹ̀rọ INR, a ó sì kọ ohun tí a bá rí sínú ìwé ìròyìn, ìjọba ìbílẹ̀ sí ìjọba ìbílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ìpínlẹ̀. A ó ka gbogbo rẹ̀ lórí rédíò ní èdè tí ìyá àbíkú gbọ́, nítorí àwọn ìyá tí ọmọ wọn ṣẹ̀jẹ̀ kú ní káàdì ìdìbò lọ́wọ́. Ìpínlẹ̀ tó bá ṣe é, a ó yìn ín lórí rédíò kan náà.

Ohun mẹ́ta péré ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹnì kọ̀ọ̀kan yín: iye abẹ́rẹ́ fítámì K tí ìpínlẹ̀ yín rà lọ́dún tó kọjá, iye ọmọ tí wọ́n bí nílé ìwòsàn ìjọba lọ́dún kan náà, àti orúkọ gbogbo ilé ìwòsàn tí aláìsàn ti lè ṣe INR lónìí. Ẹ kọ wọ́n sí gbangba, níbi tí gbogbo wa ti lè kà wọ́n.

 

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ti fẹ̀yìntì, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.